Béjidé Jókòó sí Òṣogbo, Ó Ń Yẹ Ilé Iperindo Wò

Ìmẹ́lẹ́ ni àbùkù Béjidé, ọmọ Iperindo nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní jẹ́ kó dìde lórí ìjókòó ló ń fi gbogbo rẹ̀ wá.

Ọ́fíìsì ìlera kan ní Òṣogbo gbà á síṣẹ́, wọ́n fún un ní ọ̀kadà àti fóònù. Áàpù kan wà lórí fóònù náà tí wọ́n fi ń ṣọ́ àrùn tó ń ràn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Béjidé gbọ́dọ̀ lọ sí Iperindo, kó máa wọ ilé dé ilé, kó béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn, kó sì tẹ èsì rẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí àrùn bá ti hàn ni ọ̀gá wọn, Alhaja Àmínátù, ń kó nọ́ọ̀sì àti oògùn lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Béjidé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Òkè-Fíà ló ń jókòó sí. Á mu mínírà tútù, á tẹ "Kò sí àìsàn" fún gbogbo ilé, ó parí.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Fásanmí, tó ń wa góòlù ní Iperindo, pè é.

"Béjidé, ìgbẹ́ gbuuru ti dá èèyàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ níbí o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wà tí kò jinná ni wọ́n jẹ," Béjidé fèsì, ó rẹ́rìn-ín. Ó sì tún tẹ "Kò sí àìsàn."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Fásanmí tún pè. Onígbáméjì ni. Ìyá Béjidé gan-an ń ṣu, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Béjidé sáré wọ ọ́fíìsì, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Alhaja, ẹ gbà mí! Ẹ fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí Iperindo!"

Ẹnu ya obìnrin náà. Ó ṣí fóònù rẹ̀. "Iperindo kẹ̀? Ìwọ lo ní ara wọn le lọ́jọ́ Ẹtì. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo nọ́ọ̀sì àti oògùn wa lọ láàárọ̀." Ó tún tẹjú mọ́ fóònù. "Kí ló dé tó jẹ́ Òkè-Fíà ni gbogbo èsì rẹ ti ń wá?"

Háà! Béjidé kò mọ̀ pé áàpù náà ń sọ ibi tí òun jókòó sí. Ó sáré gun ọ̀kadà. Kó tó dé Iperindo, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ìyá rẹ̀.

Ó bú sẹ́kún, ó mú ṣọ́bìrì kó lè gbẹ́ sàréè. Fásanmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èèyàn mọ́kànlá ló ti kú láti ọjọ́ Ẹtì. Èwo nínú wọn lo kọ ránṣẹ́?"

Àwọn ẹbí lé e jáde nínú ọgbà. Ọmọ bíbí inú kò rí ìyá rẹ̀ sin! Irú kí ni eléyìí? Kó tó padà dé Òṣogbo, wọ́n ti lé e níṣẹ́, ọlọ́pàá sì ń dúró dè é.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá ní kí á lọ wò, ká fi ojú ara wa rí i ká tó jẹ́rìí sí i. Fóònù kò lè wọ yàrá lọ wo aláìsàn, èèyàn ni yóò lọ. Ẹni tó bá sì ń purọ́ nípa ìlera ìlú, kó rántí pé àwọn tirẹ̀ náà ń gbé ìlú yẹn.