Pádì Mìlímítà Kan Ààbọ̀

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan ikú bàbá rẹ̀, kọ̀ǹpútà Oyin bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Oyin. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ló máa ń tún ṣe fún àwọn ará Arámọkọ, nínú yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò ti ọ̀sẹ̀ yìí, tirẹ̀ ni. Lábẹ́ àwọn ìwé ẹ̀rí bàbá rẹ̀ nínú àpótí ló ti rí kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, ti ọdún 1992. Timothy, tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà ní Adó, bá a gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni. Kò ní ohùn mọ́, àwòrán rẹ̀ sì rí bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí i. Oyin dá ìdúró bàbá rẹ̀ mọ̀. Ojú ìyàwó kò hàn rárá.

Oyin kò mọ ojú ìyá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, Ayọ̀bọ́lá, nìkan ló mọ̀. Tíṣà Akínwùmí, bàbá rẹ̀, ti sọ fún un pé ọmọ oṣù méje ni ó wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ìkòrò, àti pé ilé tí àwọn fọ́tò rẹ̀ wà ti jóná. Ọdún yẹn náà ni Tíṣà gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Arámọkọ. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Oyin ní ètò kan lórí kọ̀ǹpútà tó lè nu irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ kúrò lójú àwòrán. Wákàtí mẹ́fà ni yóò fi ṣiṣẹ́. Tó bá dáwọ́ dúró, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí. Káàdì gíráfíìsì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, ló sì ń gbé gbogbo iṣẹ́ náà. Ooru rẹ̀ á gun àádọ́fà, kọ̀ǹpútà á sì kú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí Eunice dé láti Ìkòrò. Ọ̀rẹ́ ìyá Oyin ni. Láti kékeré Oyin ló ti máa ń wá, ẹ̀ẹ̀mejì tí Tíṣà gbà fún un lọ́dún: ìgbà Kérésìmesì àti ìgbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Á gbé iṣu wá, á sun ọjọ́ kan. Oko kòkó ni Tíṣà máa ń wà títí tí yóò fi lọ. Gbogbo ìyá àdúgbò ló ń pe Oyin ní ọmọ mi. Àǹtí Eunice kì í pè é ju orúkọ rẹ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun wá bá a se oúnjẹ ìrántí.

Ó bá Oyin níbi tó ti tú káàdì náà palẹ̀ sórí tábìlì. Oyin fi àwọn pádì inú rẹ̀ hàn án, pẹlẹbẹ rírọ̀ tí ń gbé ooru kúrò lára káàdì lọ sára irin tí ń tù ú. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní tí òun bá rí tuntun fi sí i, òun máa rí ojú ìyá òun kí ọjọ́ Àìkú tó dé, òun á sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá òun nínú ìwé ìrántí.

Àǹtí Eunice bi í bóyá iṣẹ́ náà lè má ṣeé ṣe. Oyin ní ó lè má ṣeé ṣe. Obìnrin náà mi orí, ó fa àga, ó jókòó tì í.

Pádì mìlímítà kan ni Timothy kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó tín-ín-rín jù, kò kan irin. Kọ̀ǹpútà lo ìṣẹ́jú méjìlélógún kó tó kú. Ní Ọjọ́rú, ti mìlímítà méjì dé. Èyí nípọn jù, ó ti irin sókè kúrò lára káàdì, kọ̀ǹpútà sì kú ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní Ọjọ́bọ̀, Oyin gé e, ó fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, ó tún un tò. Àǹtí Eunice bá a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ń di àwọn síkúrúù wẹ́wẹ́ mú fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Oyin gbé orí lé tábìlì. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun tún lè ṣe. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

"Ẹ kúkú sọ bí ìyá mi ṣe rí fún mi, mà."

Àǹtí Eunice wo àwọn síkúrúù tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mo búra fún bàbá rẹ pé mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ."

"Bàbá mi ti kú, mà."

"Bíbélì ni mo fi búra, Oyin."

Oyin mọ bí bàbá òun ṣe rí nígbà ayé rẹ̀, pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan ìyá òun. Kò bi í mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Timothy pè. Ó ti rí i kà pé mìlímítà kan ààbọ̀ ni káàdì náà ń lò, ó sì ti fi í sínú tákísí tó ń bọ̀. Oyin lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó tẹ ètò náà, ó jókòó tì í. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Wákàtí kan kọjá. Ooru náà dúró sí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kò kúrò níbẹ̀.

Ó sáré lọ sọ fún Àǹtí Eunice ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin náà ní ó dáa. Ó tún ní ooru náà lè tún gòkè. Oyin ní kò ní gòkè mọ́.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, iṣẹ́ parí. Oyin tún pè é pé kó wá bá òun wò ó.

"Máa wò ó," ni Àǹtí Eunice dáhùn láti ilé ìdáná. "Ibí ni mo wà. Mi ò lọ síbì kankan."

Oyin tẹ fídíò náà. Ìyẹ̀fun ti kúrò. Bàbá rẹ̀ dúró níwájú pẹpẹ nínú kóòtù, ó tín-ín-rín, ó ń làágùn. Àlùfáà sọ̀rọ̀ kan tí kò ní ohùn, bàbá rẹ̀ sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìbòjú funfun náà.

Ó ká a sókè, obìnrin tó sì ń rẹ́rìn-ín sí i lábẹ́ rẹ̀ ni Àǹtí Eunice, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.