Ìrókò Tí A Kò Ké Àgò Fún

Kí Ìbídùn tó fi ayùn kan igi kankan, òfin ní kó kọ́kọ́ ké àgò. Ó gbé ọwọ́ lé èèpo ìrókò náà, ó tẹ ẹ̀rọ kékeré tó fi sétí láti máa gbọ́ ohùn igi, ó ní, "Àgò o!"

Ohùn kan jáde láti inú ìrókò náà bí ohùn àgbà tí wọ́n jí lójú oorun: "Rárá. Àwọn tó ń gbé inú mi kò gbà."

"Ẹ má bínú o." Ìbídùn yíjú sí Adéòṣun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí náà kọ̀."

"Bí onílé bá ti kọ̀, kí àlejò yáa padà. Jẹ́ ká máa relé."

Ìbídùn gbàgbé ẹ̀rọ sétí délé. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ìrókò tí bàbá rẹ̀ kàn kí òfin tó dé, ó ké bí ìṣe rẹ̀: "Àgò onílé o!"

Ohùn Àníkẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń retí. Ilẹ̀kùn ló dáhùn.

"Àgò yà."

Ó gbé etí lé pákó náà.

"Bàbá rẹ kò ké àgò kó tó gé wa," ni ohùn náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọlé. Bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ rẹ ń sùn sí, àwa náà ni."

Àníkẹ́ kò fi ẹ̀rọ sétí rí láyé rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín láti inú yàrá.

"Màámi, ẹ̀yin náà ti wá ń gbọ́ wọn?"