Olùkọ́ Tó Nílò Ògbufọ̀

“Ẹ wò ó dáadáa,” olùkọ́ yunifásítì wí lédè Faransé, ó na igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí gẹ̀gẹ̀ ọrùn ìyá arúgbó kan tó wá gba ìtọ́jú bí ẹni ń tọ́ka sí ewúrẹ́ ọjà. “Irú aláìmọ̀kan báyìí ló kún oko Kpoulou.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Òyìnbó tó wá wo bó ṣe ń kọ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Paris wà, fún olùkọ́ ará Dahomey tó bá lè kọ́ nọ́ọ̀sì láti bọ̀wọ̀ fún aláìsàn. Ọkàn olùkọ́ ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú.

“Bi í léèrè ohun tó ń jẹ,” ó wí fún Cécile, agbẹ̀bí ìlú Adja-Ouèrè, ó sì yínmú. “Ọmọ Kùtọ̀nú ni mí. N kò gbọ́ èdè oko.”

Cécile bi í. Ojú olùkọ́ ni ìyá ń wò.

“Ṣé ó ní ọmọ tó lè tọ́jú rẹ̀?” òyìnbó béèrè.

Cécile tún ṣe ògbufọ̀.

“Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí,” ìyá dáhùn. “Kò tíì dọ̀bálẹ̀ kí mi láti àárọ̀.”

Cécile fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ìyá fọwọ́ dá a dúró, ó yíjú sí olùkọ́.

“Àkànmú, ìwọ ni kó o sọ ìyẹn fún òyìnbó.”