Ẹkún Tí Kaúńtì Máa Kà

Ardis Skogstad kò mọ nǹkan kan nípa bí kaúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ṣe ń pín owó. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kó tó wá fi gbogbo àárọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó kàn wọlé wá mu kọfí. Ilé oúnjẹ kékeré kan ló ní ní Pellard, ìlú tí òtútù rẹ̀ le ju ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ọkọ lọ.

"Ohun tí mo gbọ́ kò tó nǹkan," ó wí fún Orville Bakke, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù, bó ṣe ń gbé ẹyin dídín síwájú rẹ̀. "Wọ́n ní iye èèyàn tó bá gba ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn ní ìlú kọ̀ọ̀kan làwọn máa fi pín owó rẹ̀. Ní Pellard, kò sẹ́ni tó yọjú. Wọ́n fẹ́ ti ọ́fíìsì Colleen pa, kí wọ́n kó owó náà lọ sí ìlú ńlá."

Colleen Treadway ni olùtọ́jú tí kaúńtì gbà síṣẹ́. Òkè pósítọ́fíìsì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ọ̀kánkán ilé oúnjẹ Ardis. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo Pellard ló mọ ọkọ̀ ara wọn. Bí ọkọ̀ rẹ bá dúró síbẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n á ti máa gbé oúnjẹ lọ bá ìyàwó rẹ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn ọkùnrin Pellard yóò kúkú kú ju kí wọ́n gun àtẹ̀gùn yẹn lọ. Àwọn kan sì ti kú.

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Orville bi í. "Ṣebí ìwọ lo ní ẹni tó bá ń sunkún, ebi ló ń pa á."

"Páì ló kàn mí. Ojoojúmọ́ ni Colleen ń jẹ páì lọ́dọ̀ mi. Tó bá lọ, ṣé ìwọ lo máa jẹ ẹ́, ìwọ tó ò ń fi ife kọfí kan jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú?"

Ardis ti ronú ọgbọ́n kan. Colleen ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí èèyàn lè pè láìdárúkọ, láìgbé ọkọ̀ síbì kankan.

"Kí gbogbo wa máa pè é. Ẹni tí kò bá ní ìbànújẹ́, kó lọ yá ti ẹlòmíì. Ìwọ, sọ pé màlúù rẹ kú."

"Màlúù mi ò kú."

"Ìwọ náà ò tíì kú, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ tó bá wò ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ìgbà òtútù yẹn pe Colleen. Àwọn akọrin ìjọ Luther pín ọjọ́ láàrin ara wọn. Orville kọ́kọ́ fi tirẹ̀ dánra wò níwájú Ardis. "Ayé ti sú mi," ó wí, bí ẹni ń ka ìròyìn ojú ọjọ́.

"Orville, ayé ló sú ọ, kì í ṣe ọbẹ̀."

"Ìwọ náà ṣe tìẹ ká wò."

"Tèmi kì í ṣe ohun à ń ṣe lójú èrò."

Ọjọ́bọ̀ ni Ardis mú fún ara rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti nu tábìlì tán, tó sì ti ti ilẹ̀kùn. Ó hùmọ̀ opó kan tí ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí àká ọkà. Àwọn yòókù pè lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ìtàn Ardis kò tán. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń rí nǹkan fi kún un. Tó bá wá di ọjọ́ Ẹtì, á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ létí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé omijé gidi ló jáde lójú òun, pé ká ní òun ti gba iṣẹ́ eléré láti kékeré ni, òun ì bá má máa dín ẹyin fún àgbẹ̀.

"Ìwọ kúkú mọ bí opó ṣe ń sọ̀rọ̀," Orville wí, ó sì yára tẹjú mọ́ inú ife rẹ̀.

"Torí Harlan ọkọ mi?" Ardis rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń lé ẹja lórí adágún dídì. Ọjọ́ kan ni yìnyín là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹja ní kó kúkú wọlé. Kí ni ti ẹkún níbẹ̀?"

Orville dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ bàtà ọkùnrin ńlá kan tó wà níbẹ̀.

"Rọra o," Ardis ké sí i. "Olè ni mo fi ń lé, kó lè rò pé ọkùnrin wà nílé."

Kò sí olè ní Pellard.

Nínú oṣù Kẹta, ìgbìmọ̀ kaúńtì jókòó, wọn ò sì ti ọ́fíìsì Colleen pa mọ́. Ardis fún gbogbo ìlú ní páì lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní irọ́ ti ṣe ohun tí àdúrà pásítọ̀ kò lè ṣe, kí kálukú gbé ẹkún àyálò rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí èrò ti túká, Colleen wọlé wá jẹ tirẹ̀.

"Àǹtí Ardis, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán wọn. Ẹnì kan ń sunkún pé màlúù òun kú, màlúù náà sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀."

"Mo sọ fún un pé kó jáde kúrò ní ilé màlúù."

"Mi ò ka ìkankan nínú wọn fún kaúńtì."

Ardis ju aṣọ tó fi ń nu tábìlì sílẹ̀. "Báwo wá ni wọn ò ṣe tì yín pa?"

"Òfin wọn ni pé wọn kì í ti ọ́fíìsì tí ẹnì kan bá ṣì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ní ẹyọ ẹnì kan."

Ardis fara ti tábìlì. Irú ọ̀rọ̀ báyìí dùn ju páì lọ. "Ìyàwó pásítọ̀ ni, àbí? Mo ti ń fura. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tó yẹn, nǹkan kan ń jẹ ẹ́ nínú."

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé mi ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Colleen jẹ páì rẹ̀ tán, ó wọ kóòtù, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló ti gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rọra ré bàtà ńlá náà kọjá bí ẹni ń ré ẹni tó sùn kọjá, kò fara kàn án. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà.

"Ọ̀la Ọjọ́bọ̀, tí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn tán," ó wí, "ṣé ẹ ó pè?"