Ọ̀rẹ́ Àmọ̀kẹ́ ní Òǹdó

Lọ́dún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, méjì-méjì ni àwọn ọmọ àdúgbò Isikan ń lọ sílé-ìwé, àfi Àmọ̀kẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kó wá sí Àkúrẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ní "ilé", wọ́n á fi èdè Àkúrẹ́ pariwo pé, "Ulé!" Lọ́jọ́ kan wọ́n jẹ gúgúrú rẹ̀ tán, wọ́n sì lé e kúrò nídìí eré.

Ó sunkún wọlé, Àbẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ sì bá a sun ún. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ìtùnú rẹ̀ kan ni ọkọ rẹ̀, Gàníyù, tó ti búra pé láéláé, òun kò ní fẹ́ obìnrin kankan lé e.

Gàníyù máa ń ná ọjà Òǹdó, a sì máa sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, ó ní, "Jẹ́ kí n mú un dání. Ọmọbìnrin kan wà nílé tí mo máa ń wọ̀ sí, Kíkẹ́. Ó ju Àmọ̀kẹ́ lọ díẹ̀, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn."

Inú Àbẹ̀kẹ́ dùn gan-an. Ó ra aṣọ, ó ní òun yóò rán an fún àwọn méjèèjì.

"Báwo ló ṣe ga tó?"

Gàníyù fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Ibí ló dé."

Àbẹ̀kẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀: "Má sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn o. Kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Bi Kíkẹ́ pé eré wo ló fẹ́. Bó bá borí rẹ, má bá a yan odì." Àbẹ̀kẹ́ fara rẹ̀ ṣe Kíkẹ́, Àmọ̀kẹ́ ń kí i, títí ohùn ọmọ náà fi là.

Nígbà tí wọ́n padà dé láti Òǹdó, ẹ̀rín ni Àmọ̀kẹ́ ń rín bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì. Ó ní orí ẹní kan náà lòun àti Kíkẹ́ ń sùn, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá Àmọ̀kẹ́, ẹ ṣeun. Ẹ yọ mí nínú ìbànújẹ́."

"Kò tọ́pẹ́," ni Gàníyù wí, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ.

"Ìyá Kíkẹ́ ńkọ́? Ṣé aṣọ náà wù wọ́n?"

"Ó wù wọ́n, Màámi; wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyàwó àwọn dáadáa, kí n sì sọ fún yín pé ìyáálé yín dúpẹ́ aṣọ."