Milandou Tí Kò Fẹ́ Jọ Ara Rẹ̀

Milandou lójú oge, ó sì mọ aṣọ wọ̀, ṣùgbọ́n àrùn kan wà lára rẹ̀ tí kò ní oògùn: ohun tí ẹlòmíràn bá wọ̀ nìkan ló máa ń wù ú. Kò sí ọjọ́ kan tó wo dígí, tó sọ pé, "Èmi nìyí, ó tó mi." Àrùn yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí a ń mirí sí ní Bacongo lónìí.

Ní Bacongo, àdúgbò wa yìí, ẹgbẹ́ aṣoge kì í ṣe ẹgbẹ́ eré. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, ẹni tó ń lẹ táyà, bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, á jáde nínú kóòtù tó gún régé, àwọ̀ mẹ́ta péré láti orí dé bàtà, á sì rìn lójú títì kí gbogbo ayé wò ó. Ẹni tó bá ti ní ìmúra àti ìrìn tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á fún un lórúkọ oge ní gbangba. Ẹni tí kò bá tíì lórúkọ, ẹ̀yìn ló ń tò sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni Milandou ti ń tò sẹ́yìn, orúkọ yìí sì ni ó ń fi gbogbo ọkàn wá.

Kì í ṣe pé kò ní nǹkan. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, fi kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún un, eléjìká gbòòrò. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ eérú, àwọn obìnrin elẹ́ja dìde dúró wò ó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn gbayì nínú kóòtù funfun, Milandou náà wá di oní-funfun. Oṣù kejì, ó di oní-pupa. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo Taa Nkounkou.

Taa Nkounkou ni olórí ẹgbẹ́, arúgbó tó máa ń wọ aláwọ̀ ewé, tó máa ń fi páìpù tábà tí kò tanná sí há ẹnu. Á wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún wọ́ ọ. Ojú gbogbo ènìyàn kì í kúrò lára ìrìn náà. Oṣù méje ni Milandou fi kọ́ ọ níwájú dígí. Loutaya, ìyàwó rẹ̀ tó bí Bazolo fún un, ń wò ó.

"Bàbá Bazolo, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ìrìn oge ni. Kí lo mọ̀ níbẹ̀?"

"Èmi mọ ìrìn tó gbé yín wá sílé bàbá mi. Ìyẹn ló wù mí o."

Milandou rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kóòtù bàbá rẹ̀ lọ sọ́jà, ó fi pààrọ̀ kóòtù aláwọ̀ ewé.

Kò pẹ́ tí àìsàn dá Taa Nkounkou dùbúlẹ̀. Milandou lọ kí i, arúgbó náà sì wò ó títí.

"Milandou, mo ti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa rẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sin mí, tí kálukú ń rìn kọjá níwájú pósí mi, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ẹ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ni kó o wá o. Má wá ṣe èmi fún mi."

"Bàbá, ẹ ò ní kú."

"Ìyẹn kọ́ là ń sọ. Ṣó o gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Mo gbọ́, bàbá."

Irọ́ ni, kò gbọ́. Ó rò pé àgbà ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ọlá wo ni a tún lè bù fún olórí ju kí a jọ ọ́ lọ? Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn aṣoge ń rìn kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú àrà tirẹ̀. Milandou ló kẹ́yìn. Ó wọ aláwọ̀ ewé, ó fi páìpù há ẹnu, ó wọ́ ẹsẹ̀, ó dúró, ó tún wọ́ ọ. Ọmọ-ọmọ olóògbé, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin, já lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: "Bàbá àgbà! Bàbá àgbà dé!" Ó gbójú sókè, ó rí ojú tí kì í ṣe ti bàbá àgbà, ó sì figbe ta. Ẹkún ọmọ yẹn ṣì wà létí mi.

Opó olóògbé dìde.

"Ìwọ Milandou! Ìbọn ló ba ẹsẹ̀ ọkọ mi jẹ́ nígbà ogun, lọ́jọ́ tó ń gbé àwọn ọmọ wa sá. Alaalẹ́ ni mò ń fi omi gbígbóná jó o. Ìrora ọkọ mi lo wá fi ń ṣoge? Ẹ wò ó, ó ń sín òkú jẹ lójú mi!"

Ìgbà yẹn ni Milandou ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìrìn náà kì í ṣe àrà. Ó yọ páìpù kúrò lẹ́nu. Massengo, igbákejì olórí, rìn sún mọ́ ọn.

"Orúkọ kan wà lẹ́nu mi fún ẹ láàárọ̀ yìí. Mo ti gbé e mì."

Ló bá kẹ̀yìn sí i. Gbogbo ẹgbẹ́ kẹ̀yìn sí i. Ní Bacongo, kò sí ìyà tó ju pé kí aṣoge máa rìn kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bẹ opó, opó kò ṣílẹ̀kùn. Ìtìjú lé Loutaya àti àwọn ọmọ padà sílé bàbá rẹ̀.

Milandou bọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sọnù, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, ó tọ ìyàwó lọ. Loutaya dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rìn bí ara yín wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ jọ̀ọ́, màá kó ẹrù mi tẹ̀ lé yín."

Milandou gbé ẹsẹ̀. Ti òsì wọ́lẹ̀. Ó padà, ó tún un ṣe. Ó tún wọ́lẹ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò rántí èyí tó máa ń kọ́kọ́ gbé tẹ́lẹ̀. Loutaya rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Kò burú kí a wo ẹlòmíràn kí a fi kọ́ aṣọ wíwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ta ohun tó jẹ́ tiyín nítorí ìyìn ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ẹ rí lára ẹlòmíràn tí ẹ pè ní ẹwà, ọgbẹ́ rẹ̀ ló lè jẹ́. Àwọn àgbà wí pé, ṣòkòtò àgbàwọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ pẹ́ jù lè má bá a nílé mọ́ nígbà tó bá padà dé.