Àmín Tí Káyọ̀dé Fi Dá Ìyá Rẹ̀ Lóhùn

Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná, torí àìgbọ́ ọ̀rọ̀ tán ló ba ayé ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí jẹ́.

1.
Smyrna, lókè òkun, ni Olúkáyọ̀dé ń gbé pẹ̀lú Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ àti Hephzibah ọmọ wọn. Ọ́fíìsì ló ń lọ ní Downtown, àárín ìgboro. Fóònù ò jẹ́ kó sinmi: grúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìdílé, ti ibi iṣẹ́. Ó máa wa mọ́tò dé ibi iṣẹ́, kò ní rántí ọ̀nà tó gbà. Ẹ̀rù wá ń bà á pé orí òun ti fẹ́ dàrú.

Eli tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ọgbọ́n àwọn Gíríìkì àtijọ́ kan hàn án, àwọn tí wọ́n ń pè ní Stoic. Ó ní ohun tó bá wà níkàáwọ́ ẹni ni kéèyàn gbájú mọ́, kó fi ìyókù sílẹ̀. Tílẹ̀ bá sì ṣú, kó bi ara rẹ̀ ní ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Èmi ò bá ọgbọ́n yẹn jà rárá.

2.
Káyọ̀dé pa ohùn gbogbo grúùpù, ó pa ohùn fóònù pẹ̀lú. Láàárín oṣù kan, ara tù ú. Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró sí, àmọ́ kò dúró. Ó dá grúùpù tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Ọkàn Tó Pa Rọ́rọ́. Àràárọ̀ ló ń kọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí fóònù darí wọn. Orí fóònù náà ló sì ti ń kọ́ wọn! Ẹ bá mi wò ó.

3.
Ìyá rẹ̀ wà ní Ìkirè. Àyà ń dun màmá, wọ́n sì ń bẹ̀rù ọsibítù. Kò sóhun tí wọ́n máa ṣe láì kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Káyọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi voice note ránṣẹ́ sí i, àdúrà ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀. Káyọ̀dé ò ní gbọ́ ọ, á kàn tẹ “Àmín, màmá mi” ránṣẹ́. Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, o ti ṣe é rí.

Ṣìkẹ́mi ní, “Daddy Hephzibah, ẹ máa gbọ́ màmá dé òpin.”

Ó ní àdúrà kan náà ni, òun ò fẹ́ ohun tó máa da ọkàn òun rú láàárọ̀.

4.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, voice note dé, ó tẹ àmín. Màmá pè lẹ́ẹ̀mejì, fóònù ò dún. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìbídàpọ̀, aládùúgbò màmá, rí Ṣìkẹ́mi bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá ti kú.

Ìbídàpọ̀ ní, “Ẹrù wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní ká lọ, wọ́n ní Káyọ̀dé ò tíì ní káwọn lọ.”

Ìgbà yẹn ni Káyọ̀dé tó gbọ́ voice note náà. Màmá gbàdúrà fún un títí, wọ́n dárúkọ Ṣìkẹ́mi, wọ́n dárúkọ Hephzibah. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn wálẹ̀: “Káyọ̀dé, dókítà ní kí n wá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù lónìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Tó o bá ní kí n lọ, màá lọ.”

Àmín tó tẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

5.
Ó ti tú grúùpù yẹn ká. Àmọ́ gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ṣì ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí Eli kọ́ ọ, ìdáhùn kan náà ló sì ń rí: àmín tó tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣìkẹ́mi máa ń gbọ́ ọ nínú balùwẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá ti parí, á ní, “Ẹ lọ, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ mọ ohùn tẹ́ ẹ̀ ń pa. Gbígbọ́ ìyá yín wà níkàáwọ́ yín, ikú wọn ni kò sí níbẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí tán. Ti Káyọ̀dé ò látùn-únṣe mọ́.